LeBron sí Miami, Durant sí Golden State: ìbínú ta ló tọ́ jù?

Bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bá pàdé ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, àríyànjiyàn yìí kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní 2010, LeBron James, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ Cleveland ní líìgì NBA ti Amẹ́ríkà, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní Miami lòun ń lọ. Ọmọ Ohio ni, Ohio náà ni Cleveland tó fi sílẹ̀ wà. Wọ́n dáná sun jẹ́sì rẹ̀. Lójú tèmi, lílọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀nà tó gbà kéde rẹ̀ ni. Ta ní ń kọ ìyàwó rẹ̀ láàárín ọjà? Ó padà ní 2014, ó sì gba ife fún wọn ní 2016. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ti Kevin Durant ló wúwo. Ní 2016 yẹn kan náà, Oklahoma City, ẹgbẹ́ Durant, fi eré 3-1 ṣíwájú Golden State nínú ìdíje tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ borí eré mẹ́rin ló ń yege, wọ́n sì tún fìdí rẹmi, 4-3. Kí oṣù méjì tó pé, Durant ti lọ bá àwọn tó nà án, ẹgbẹ́ tó ti borí nínú eré 73 nínú 82 láìsí òun níbẹ̀! Ó gba ife ní 2017 àti 2018, síbẹ̀ yẹ̀yẹ́ ò tán.

Ẹ̀gbọ́n kan ní àdéhùn Durant pẹ̀lú Oklahoma City ṣáà ti parí. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò di dandan kó lọ bá àwọn tó nà án, ẹgbẹ́ Boston náà wá bá a sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn.