Ṣọ́ọ̀bù férémù kan n'Ìbarà: wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ ẹ dúró tì wọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè ibi tí wọ́n ti lè bá yín tẹ àwòrán sórí kánfáàsì l'Abẹ́òkúta, èmi ti rí ibì kan n'Ìbarà o, mi ò ní dárúkọ wọn ṣá torí mo fẹ́ yìn wọ́n mo sì tún fẹ́ bú wọn díẹ̀.

Kì í ṣe fọ́tò ìyàwó ni mo gbé lọ. Iṣẹ́ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Nikolai Yaroshenko ni, ọmọ Poltava ní Ukraine, 1846 ni wọ́n bí i. Sójà gidi ni bàbá yìí, bàbá tó bí i gan-an sójà ni, àtikékeré ni wọ́n ti fi í sílé ìwé ológun, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn ní St Petersburg, àyè tó bá rí níbẹ̀ ló fi ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lọ́dọ̀ Kramskoi, ayàwòrán ọmọ Rọ́ṣíà kan. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ní 1892, ó ti di jẹ́nẹ́rà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ń jẹ owó oṣù ọba Rọ́ṣíà, ẹlẹ́wọ̀n àti lébìrà ìdí iná ló ń yà!

Èyí tí mo mú lọ, 1888 ló yà á, ojúlówó ẹ̀ wà ní Tretyakov, ilé tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwòrán ní Moscow. Ọkọ̀ ojú irin tó kó ẹlẹ́wọ̀n ni, irin wà lójú wíńdò, obìnrin kan gbé ọmọ dání, ọmọ yẹn ń ju búrẹ́dì sáwọn ẹyẹlé nílẹ̀, àwọn ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wọn ń wò ó. Ẹnì kan wà lẹ́yìn pátápátá tó kọ̀yìn sí wọn, wíńdò òdìkejì lòun ń wò ní tiẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ wọn wá gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò kó lè bá férémù tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ mu. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹyẹlé mi dà?" Ọ̀gá wọn ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ṣebí ojú àwọn èèyàn yẹn lẹ fẹ́?" Háà! Ẹyẹ tí gbogbo wọn ń wò kọ́ lẹ gé sọnù yẹn?

Kò bá mi jà ṣá, ó tún òmíràn tẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lé e, ó wọn igi tuntun, ó gé e níṣojú mi. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa dé, ẹ ò lè ki èékánná bọ̀ ọ́, kánfáàsì yẹn nà dáadáa. ₦22,000 ni gbogbo ẹ̀, kò wọ́n lójú tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n dá nìkan ni wọn ò mú ṣẹ, wọ́n ní kò síná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ṣe document, torí tẹ́ ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán ó máa ṣú bàìbàì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé wọn ò gbọ́dọ̀ gé nǹkankan. Èmi ṣì máa padà lọ ṣe lébìrà ìdí iná tí Yaroshenko yà ní 1878 yẹn, àmọ́ dúdú pọ̀ nínú ẹ̀, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ kékeré kan kí n fi wò ó ná.