Asẹ́ omi àfọwọ́fún tí mo ń gbé lọ sí Sky Pond

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Sky Pond kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìṣirò omi ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó ronú kan bàtà. Adágún omi náà wà nínú ọgbà Rocky Mountain National Park ní ìpínlẹ̀ Colorado, l'Amẹ́ríkà, níbi tó fi nǹkan bíi 3,300 mítà ga ju ìpele òkun lọ. Láti Glacier Gorge, níbi tí a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 15. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìyẹn ò le jù fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Àmọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, tí ọ̀nà ń gòkè, tí òkúta sì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó lè gbà tó wákàtí 6 sí 8. Bí èèyàn bá ń mu ìdajì lítà ní wákàtí kan, lítà 3 sí 4 nìyẹn. Kílò kan sì ni lítà omi kan. A ò tíì ka aṣọ òjò, aṣọ òtútù, oúnjẹ àti bébà máàpù.

Ìdí tí mo fi ra asẹ́ omi àfọwọ́fún nìyẹn. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, láàárín $30 sí $50. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe tèmi, torí bákan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún ẹni tó bá ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Asẹ́ náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kò sì tó 100 gíráàmù. Àpò ike rírọ̀ kan bá a wá. A ó bu omi odò sínú àpò yẹn, a ó yí asẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, a ó fi ọwọ́ fún un, omi tó ṣeé mu á máa jáde ní òdìkejì. Kò lo bátìrì, kò sì ní ẹ̀rọ kankan tó ń yí nínú.

Ibi tó ti wúlò fún mi jù ni ẹ̀gbẹ́ Timberline Falls. Ibẹ̀ ni ipa ọ̀nà ti pin. Àpáta nìkan ló kù níwájú, omi tó ń já bọ́ látòkè ń ta sí i lára, èèyàn á sì máa fọwọ́ fẹsẹ̀ gùn ún. Ibi tí mò ń wí yìí ò gùn púpọ̀, kò ju nǹkan bíi 30 mítà lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣẹ́rí padà. Nínú oṣù Kẹfà, yìnyín ṣì lè bo àpáta náà. Nígbà tí mo bá na ọwọ́ di òkúta òkè mú tí mo fẹ́ fa ara mi sókè, ẹ̀yìn tó fúyẹ́ ni mo fẹ́. Omi lítà 4 tó ń dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún nínú báàgì a máa fa èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásìkò tí kò yẹ rárá. Pẹ̀lú asẹ́ yìí, lítà kan péré ni mo ń rù nígbàkigbà, mo sì máa ń rí i dájú pé mo ti mu tó kí n tó kan àpáta náà, kí ìgò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé omi ò jìnnà sí ọ̀nà náà níbì kankan. Odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Icy Brook ló ń ti Sky Pond ṣàn wọ Lake of Glass, tó ń já bọ́ ní Timberline Falls, tó sì wọ adágún tí wọ́n ń pè ní The Loch nísàlẹ̀. Omi kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé wa dáadáa o: ẹsẹ̀ tí ẹnì kan ń fọ̀ ní Sky Pond, omi rẹ̀ ń bọ̀ wá bá ẹni tó ń bu omi ní The Loch. Àgbọ̀nrín ńláńlá tí wọ́n ń pè ní elk ń jẹ kiri ní àfonífojì náà, àwọn ẹranko kékeré onírun tí wọ́n ń pè ní marmot sì ń gbé láàárín òkúta lókè. Gbogbo wọn ló ń yàgbẹ́.

Àbúrò ìyàwó mi tí a jọ lọ tẹjú mọ́ omi The Loch títí. Omi náà mọ́ débi pé a lè ka òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú omi báyìí náà nílò asẹ́? Òjò dídì tó yọ́ ṣáà ni."

Mo ní, "Fún un, kó o tó mu ún. Ojú ò lè rí ohun tí mò ń sá fún."

Iṣẹ́ mi ni fífọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kídìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nínú asẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lára ẹ̀rọ tí à ń lò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá ló wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí àárín wọn ṣófo, tí ara wọn sì kún fún ihò tí ojú lásán ò lè rí. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú asẹ́ omi yìí, a ká wọn pọ̀ sínú ike. Omi ìdọ̀tí á dúró lẹ́yìn ọ̀pá, agbára ọwọ́ wa á tì í gba ara ọ̀pá wọlé, ohun tó bá tóbi ju ihò lọ á kù síta. Ihò tèmi ò ju maikírọ́ọ̀nù 0.1 lọ, maikírọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Kòkòrò Giardia tó wọ́pọ̀ nínú omi orí òkè tó nǹkan bíi maikírọ́ọ̀nù 10, kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium tó 4 sí 6. Kò sí bí wọ́n ṣe máa gba ibẹ̀ kọjá. Bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru náà tóbi jù ú lọ.

Fáírọ́ọ̀sì ni kò lè dá dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní norovirus, tó máa ń mú èèyàn bì tó sì ń mú un yàgbẹ́, kò ju nǹkan bíi maikírọ́ọ̀nù 0.03 lọ, á gba inú ihò náà kọjá wẹ́rẹ́. Asẹ́ yìí ò sì lè yọ kẹ́míkà tàbí oró inú omi tó ti di àwọ̀ ewé. Lórí òkè tí ilé ò sí, mo fọkàn tán an. Nínú odò tó ń gba ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn kọjá, mi ò ní fi òun nìkan mu omi.

Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ nípa Giardia ni pé kì í tètè fara hàn. Ẹni tó mu omi náà lónìí lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Á ti padà sílé, á ti máa sọ fún gbogbo ayé pé òun mu omi orí òkè, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Nígbà tó bá sì dé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń fọwọ́ bu omi mu ní ẹsẹ̀ àpáta, tí òbí wọn ń ya fọ́tò wọn.

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú se omi. Òótọ́ ni pé síse ń pa gbogbo wọn, tó fi mọ́ fáírọ́ọ̀sì. Àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn l'Amẹ́ríkà ní kí omi hó fún ìṣẹ́jú 1, àmọ́ kó tó ìṣẹ́jú 3 níbi tó bá ga ju 2,000 mítà lọ, torí pé bí a ṣe ń gòkè ni ooru tí omi fi ń hó ń dínkù. Lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí omi ti ń hó ní 100 ní ìpele òkun, bíi 89 ló ti ń hó ní Sky Pond. Síse omi á sì gba sítóòfù, gáàsì, ìkòkò, àti àsìkò tí a ó fi dúró kí omi tutù. Oògùn oníhóró chlorine dioxide, tí à ń jù sínú omi kó lè pa kòkòrò, fúyẹ́ ju asẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wákàtí 4 ló nílò kó tó kápá Cryptosporidium. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, níbo la ti fẹ́ rí wákàtí 4?

Àsìkò sì ṣe pàtàkì lọ́nà yìí ju bí ẹni tí kò tíì débẹ̀ ṣe rò lọ. Nínú oṣù Keje àti Kẹjọ, àrá àti mọ̀nàmọ́ná máa ń dé lọ́sàn-án, ìta gbangba lórí àpáta kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá èèyàn. Mo máa ń ṣètò kí n ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá Timberline Falls kó tó di ago 12. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí màá ti wà ní Glacier Gorge, ibi ìgbọ́kọ̀sí ibẹ̀ kékeré gan-an, ó sì máa ń tètè kún. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, láti ìparí oṣù Karùn-ún di àárín oṣù Kẹwàá, ẹni tó máa gba Bear Lake Road, títì tó lọ sí Glacier Gorge, láàárín ago 5 àárọ̀ sí ago 6 ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, $2 sì ni wọ́n ń gbà fún un, yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Ẹ yẹ òfin ọdún tí ẹ fẹ́ lọ wò, torí wọ́n máa ń tún un ṣe.

Nígbà tí asẹ́ yìí ṣì jẹ́ tuntun, lítà kan ò gbà ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Ó máa ń lọ́ra tó bá yá, bí omi tí a bu sínú rẹ̀ bá ṣe rí ló sì máa pinnu bó ṣe máa yá tó. Ẹ má ṣe bu omi ní ìsàlẹ̀ gan-an níbi tí omi ti ń já bọ́. Ó wu ojú, ó ń hó yàà, àmọ́ ó ń ru iyanrìn àti ẹ̀rẹ̀ sókè, ìyẹn ló sì ń dí ihò. Ẹ lọ síbi tó rọra ń ṣàn létí, kí ẹ fi ẹnu àpò sí abẹ́ ojú omi díẹ̀, kí ẹ má fi kan ilẹ̀. Síríǹjì kan bá tèmi wá. Tí mo bá ti délé, mo máa ń fi fín omi mímọ́ sí i láti ibi tí omi ti ń jáde, títí ohun tó ń dà níta á fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń yára padà.

Àpò ike tó bá a wá ni mi ò gba tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ há. Nínú omi tó ń ṣàn, ó ń kún. Nínú adágún tó dúró jẹ́ẹ́, ṣe ló máa ń pa ara rẹ̀ dé, afẹ́fẹ́ á wà nínú rẹ̀, omi ò ní wọlé. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sì ya lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń fún un. Mo ti pa á tì. Ìgò omi ike lásán, irú èyí tí wọ́n ń ta omi nínú rẹ̀ káàkiri, ẹnu rẹ̀ bá asẹ́ náà mu, ó sì nípọn ju àpò yẹn lọ. Mo gé ìdí ìgò mìíràn, òun ni mo fi ń bu omi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra asẹ́, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ bá irú ìgò bẹ́ẹ̀ mu. Èmi ò ní ra èyí tí kò bá a mu.

Òtútù wá ni ọ̀tá rẹ̀. Asẹ́ tí omi bá ti wọ inú rẹ̀ kì í gbẹ tán bọ̀rọ̀, omi tó kù nínú àwọn ọ̀pá yẹn tó bá sì di yìnyín á fẹ̀, á la wọ́n. Kò ní sí àmì kankan níta. Omi á ṣì máa jáde, á tiẹ̀ lè máa yára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, kòkòrò á sì máa bá a kọjá. Orí òkè yẹn máa ń tutù débi yìnyín lóru nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá sùn sílé tó fi asẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lè bá òkú asẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀. Tèmi máa ń sùn nínú yàrá. Láàárọ̀ tó bá tutù, mo máa ń fi ọ̀rá wé e, mo sì ń fi sí àpò inú ẹ̀wù, níbi tí ooru ara ti ń kàn án.

Mo ní bí mo ṣe ń dán an wò. Màá rẹ ẹ́ sómi títí á fi mu omi dáadáa, màá wá yí ìgò tó ṣófo mọ́ ọn, màá fún afẹ́fẹ́ inú ìgò sí i. Bí ọ̀pá inú rẹ̀ bá ṣì pé, omi tó wà nínú ihò kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ìgò á le gan-an lọ́wọ́ mi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀pá ti là, ààtàn ló kàn. Tí ara mi bá sì ń ṣiyèméjì, mi ò ní fi $40 du inú ara mi, màá ra òmíràn.

Fún ọ̀nà bíi ti Sky Pond, tí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ohun tí mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ń fi oògùn oníhóró mẹ́rin sí àpò kékeré ṣá, bó bá lọ bọ́ sódò. Ẹni tó máa gba orí òkè gbígbẹ níbi tí odò ti gbẹ láti oṣù Kẹjọ, kó má náwó sí i. Kó ru omi rẹ̀.