Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe Kamen Rider Gavv lọ́mọ àlè, ṣé ẹ wò ó délẹ̀ ṣá?

Mo ti wo Gavv tán, ọ̀kan lára àwọn eré tẹlifíṣọ̀n Kamen Rider ti ilẹ̀ Japan tí akọni ti máa ń pa ara dà kó tó bá abàmì jà, èpísóòdù 50 tó fi parí ní August 2025, gbogbo ariwo táwọn èèyàn ń pa nípa ẹ̀ náà ò sì ṣàjèjì sí mi, pé kì í ṣe Kamen Rider mọ́, pé akọni wo ló ń jẹ ṣúwíìtì kó tó jà, pé ẹnu wá wà níkùn ẹ̀, pé ọ̀kadà dà, pé torí kí Bandai, kọ́ńpìnnì ohun ìṣeré, lè rí ọjà tà ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wo ti àkọ́kọ́, ti 1971, gan-an àbí fọ́tò ẹ̀ nìkan lẹ rí?

Torí ẹni tó bá wo ti Ishinomori yẹn, ẹni tó dá Kamen Rider sílẹ̀, á mọ̀ pé kì í ṣe ìbòjú orí tata tí Rider ń dé ló gbé e dúró. Shocker, ẹgbẹ́ àwọn ìkà inú eré náà, jí Hongo Takeshi, akọni ẹ̀, gbé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n tún gbogbo ara ẹ̀ ṣe, ó ku kí wọ́n yí ọpọlọ ẹ̀ ló ráyè sá. Ọwọ́ tó ṣe àwọn abàmì tó ń bá jà náà ló ṣe òun fúnra ẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ gan-an nìyẹn o, ẹni tó ń gbà yín sílẹ̀ àtẹni tó fẹ́ pa yín, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, òun kàn kọ̀ ni.

Ẹ wá wo Shoma, akọni Gavv. Granute, ìyẹn ẹ̀yà abàmì láti ayé mìíràn, ni bàbá ẹ̀, èèyàn ni ìyá ẹ̀. Ilé bàbá ẹ̀ ló ní kọ́ńpìnnì tó ń jí èèyàn kó, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ìpápánu fáwọn Granute, tó sì jẹ́ pé bí inú èèyàn yẹn bá ṣe dùn tó nígbà tí wọ́n mú un ni ìpápánu yẹn á ṣe dùn tó (ẹni tó ronú èyí, mi ò mọ ohun tó jẹ sùn). Wọ́n pa ìyá ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń bá jà, ẹnu ikùn tó sì fi ń di Rider, tiwọn náà nìyẹn. Hanto, akọni kejì, ńkọ́? Irú abàmì kan náà gba ìyá tiẹ̀ lọ, ló bá lọ gbé ara ẹ̀ fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kó fi ẹ̀yà ara Granute sí i nínú kó lè di Rider tí wọ́n ń pè ní Valen. Iṣẹ́ abẹ ni o, bíi ti Hongo, àmọ́ ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn débẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ti Hongo lọ.

Zero-One, Kamen Rider ti 2019 tó gbé aṣọ tata wọ̀, tẹ́ ẹ̀ ń yìn pé ó padà sílé, ọ̀gá kọ́ńpìnnì tó jogún bẹ́líìtì lọ́wọ́ bàbá àgbà ẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn Aruto, ọ̀gá yẹn, àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú ZAIA, kọ́ńpìnnì tó ń bá tiẹ̀ du ọjà, ìpele márùn-ún gbáko, oorun ń gbé mi lọ.

Ti ọjà tí wọ́n ń tà, ẹ jẹ́ á má parọ́ fúnra wa. Lọ́dún 1971 yẹn náà ni Calbee, kọ́ńpìnnì ìpápánu ní Japan, ti ń ta ìpápánu Kamen Rider tí kádì wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ ń mú kádì, wọ́n ń da ìpápánu nù, títí ó fi di ọ̀rọ̀ nílùú. Ìpápánu ti wà nínú ọ̀rọ̀ Rider látìbẹ̀rẹ̀! Ṣùgbọ́n mo gbà pé Gochizo, àwọn ẹ̀dá kéékèèké bíi ṣúwíìtì tí Gavv fi ń pa ara dà, ti pọ̀ jù, àwọn ìmúra tuntun kan wà tó jà lẹ́ẹ̀kan tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́.

Ti ọ̀kadà, ẹ̀yin lẹ jàre. Rider tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gun nǹkan kan, kí wọ́n yáa yí orúkọ ẹ̀ padà. Ọ̀kadà kan náà ló kúkú ṣẹ́ Fujioka Hiroshi, òṣèré tó ṣe Hongo, lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya ti àkọ́kọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe mú Rider kejì wọlé, ọwọ́ tẹ́ ẹ máa ń rí wọn tí wọ́n ń jù kí wọ́n tó pa ara dà, ọ̀dọ̀ ẹni kejì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Máàkì tèmi, 8 nínú 10. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ kọ́kọ́ wo èpísóòdù kìíní ti 1971, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí ti Gavv lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ tó wá bá mi jà.