Omi egbòogi “afọ-ẹ̀dọ̀fóró”: bó ṣe rí lára mi rèé

Ẹni tó bá ń tajà ní Ládípọ̀ bíi tèmi á mọ̀ ọ́n: jẹnẹrétọ̀ níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, sàlẹ́ńsà mọ́tò lójú títì. Tó bá dalẹ́ téèyàn fun imú, dúdú ló ń jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra omi egbòogi tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ èéfín kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró. 9,500 náírà ni ìgò kan, mo sì ti mu ju ìgò kan lọ.

Orógbó, atalẹ̀, atalẹ̀ pupa, efinrin àti oyin ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Orógbó ló borí. Ó korò wọ ọ̀fun kí oyin tó wá tù ú. Kò ni mí lára, orógbó ni mo fi ń panu látilẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ máa ń sùn sísàlẹ̀, ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Ọmọrí rẹ̀ ò sì dé dáadáa: ó jò sínú báàgì mi, àwọ̀ atalẹ̀ pupa kì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń ká.

Ọ̀fun mi fúyẹ́ lóòótọ́, ikọ́ àárọ̀ náà sì dín kù. Àmọ́ oyin àti atalẹ̀ nínú omi gbígbóná ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, mélòó lowó ẹ̀? Ti pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró, irọ́ gbuu ni. Ikùn ni ohun téèyàn gbé mì ń lọ. Eruku wínníwínní tó ń ṣọṣẹ́ jù nínú èéfín, tí wọ́n ń pè ní PM2.5, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìbú irun orí lọ; ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún, òmíràn ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣíbí wo ló fẹ́ lé e bá?

Kì í ṣe pé ewé kì í jẹ́ o. Ní Qidong, ní Ṣáínà, àwọn onímọ̀ fún àwọn ará àdúgbò ní omi èéhù ẹ̀fọ́ broccoli mu. Èsì tó jáde ní 2014 ni pé benzene, kẹ́míkà olóró inú èéfín, tí ara wọn ń tọ̀ dànù fi 61% pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn wọn ohun tí wọ́n ń fún èèyàn, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wò. Ìgò tèmi ò tiẹ̀ sọ bí orógbó inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, àmọ́ ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC ò yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ ka ibẹ̀ yẹn kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó bí mi nínú ni ẹni tó tà á fún mi. Mo ní ìyàwó mi ní ikọ́ fée, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti mu ìgò méjì, kí wọ́n ju inhaler nù.” Ẹ má gbọ́ irú ẹ̀! Ẹni tó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó mu ohunkóhun tí atalẹ̀ pupa pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un, nítorí ọ̀fun. Màá mu èyí tó kù tán, ṣùgbọ́n ìbòmú N95 ni màá fi owó ìgò tó kàn rà, a ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa lọ sẹ́yìnkùlé.