Ẹ ṣọ́ra fún dílà tó ń ta ọrun oníwíìlì l'Ìjẹ̀bú-Òde, eré ọfà tó ń pè yẹn ò rí bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ ń tafà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ ta compound bow fún yín, ọrun oníwíìlì yẹn, tó wá ń pariwo pé 340 fps ni, ìyẹn bí ọfà ẹ̀ ṣe ń yára tó, ẹ má tíì kówó sílẹ̀ o, ẹ ka èyí tán ná.

Ẹ̀yìn Iléyá ni mo ra tèmi. Dílà yẹn ní ọfà máa lọ ẹsẹ̀ bàtà 340 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, pé ẹni yòówù kó fà á, iye tó máa gbé jáde nìyẹn. Irọ́ ni! Nọ́ńbà yẹn wà lára páálí lóòótọ́, àmọ́ kò sọ bí wọ́n ṣe rí i fún mi: páùn 70 ni wọ́n máa ń fi ọrun sí, ìyẹn agbára tí èèyàn máa fi fà á, wọ́n á fà á dé íǹṣì 30, ọfà grain 350 ni wọ́n á fi sí i, tí ò ju nǹkan bíi gíráàmù 23 lọ, okùn ẹ̀ á sì wà lásán. Ta ló ń tafà báyẹn nínú wa?

Íǹṣì 28 lèmi ń fà á dé, páùn 60 lagbára mi gbé, ọfà mi jẹ́ grain 420, peep, ihò kékeré téèyàn ń wò kọjá, àti D-loop, okùn kékeré téèyàn ń fà, sì wà lára okùn. Bí íǹṣì kan bá dín, bíi 10 fps lọ nìyẹn, páùn kan tó bá dín á mú bíi 2 lọ, grain 3 tó bá lé lórí ọfà á mú 1, ohun tí wọ́n so mókùn náà á mú tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan n'Ìkẹ́nnẹ́ ló gbé chronograph jáde, ẹ̀rọ tó ń ka eré ọfà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ta á, kò kọjá 271. Ọrun yẹn ò bàjẹ́, 271 dáa gan-an, ó ń wọ tágẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ohun tó dùn mí ni pé mo fi èyí tí wọ́n kọ 315 sí lára sílẹ̀, tó rọrùn ún fà, tí owó ẹ̀ ò sì tó yẹn, torí dílà yẹn ní "Bọ̀dá, ìyẹn ò lágbára, ẹ má rà á."

Ibi tó ti burú jù nìyí. Tẹ́ ẹ bá ní kó wọ̀n ọ́n lójú yín, ó ní chronograph tiẹ̀, á ta á, 340 á sì jáde lóòótọ́. Ọfà tó fi ta á ni kẹ́ ẹ gbé sórí sìkéèlì. Mo gbé e, grain 280 ni, lórí ọrun páùn 70! Ẹni tó bá ti ra gààrí l'Òkè-Ajé lọ́wọ́ ẹni tó tẹ ìdí kọ́ńgò sínú á mọ ohun tí mò ń sọ, kíkà yẹn pé, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ò pé. Ó kéré tán, grain 5 ló yẹ kó wà fún páùn kọ̀ọ̀kan. Tí ọfà bá fúyẹ́ jù, agbára tí ò lè gbé lọ á padà sínú ọrun, ó fẹ́ẹ̀ dà bíi kéèyàn fà á kó sì yọwọ́ láìsí ọfà níbẹ̀ rárá, apá ọrun lè sán, okùn lè já lu èèyàn lójú. Ọmọ ládùúgbò wa ní Ṣàgámù, apá ọrun tiẹ̀ sán lọ́wọ́ ẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́, dílà ní òun ò dá kọ́bọ̀ padà, pé ó lò ó nílòkulò. Ọfà tí òun fúnra ẹ̀ fún un ló fi ta á o!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ na apá méjèèjì, ẹ wọ̀n ọ́n ní íǹṣì látorí ìka àárín dé ìkejì, ẹ pín in sí 2.5, ibi tẹ́ ẹ máa fà á dé nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó fún yín lèyí tó gùn jù nítorí eré, okùn á kàn máa gbá yín lápá ni. Ọfà tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, òun ni kó fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà lọ́wọ́ ẹ̀, ọfà méjìlá tó ń fún èèyàn ṣe èènì yẹn, ẹ má ta á mọ́. Ẹ gbé wọn sórí sìkéèlì lónìí, kẹ́ ẹ sì yẹ apá ọrun yín wò bóyá ó ti là níbì kan.