WinSCP tàbí Samba fún Raspberry Pi?

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ń gbé fáìlì láti Windows sórí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré), WinSCP, ètò orí Windows tó ń gbé fáìlì, ti tó. Ẹ tan SSH, ọ̀nà ìwọlé sórí Pi láti kọ̀ǹpútà mìíràn, nínú raspi-config, ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ orí Pi (pípa ló máa ń wà), ẹ tẹ àdírẹ́sì IP Pi, orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú WinSCP, kí ẹ wá wọ́ fáìlì láti òsì (Windows) sí ọ̀tún (Pi). Ó parí.

Wàhálà Samba, ètò tó ń pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ó fi sórí Pi, ẹ ó tún fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀, smb.conf, ṣe, ẹ ó sì fi àṣẹ smbpasswd ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mìíràn, èyí tó rọrùn láti gbàgbé. Àmọ́ lẹ́yìn náà, Pi á di fódà lásán nínú File Explorer. Ẹ lè wo fídíò níbẹ̀ láì kọ́kọ́ dà á kọ. Bí gbogbo ilé bá jọ ń lò ó, Samba ni tèmi. Ẹ ṣáà má ṣí i sí íntánẹ́ẹ̀tì.