Ẹ má ra àlòkù ẹ̀rọ tí a fi ń kì ọta lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí o

Ẹ̀yin ọdẹ ilẹ̀ wa tí ẹ wà ní Houston, Dallas àti káàkiri Texas, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọta kì nílé fún àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ẹ gbọ́ mi. Ọmọkùnrin kan ń ta àlòkù ẹ̀rọ tí a fi ń kì ọta ní ọjà ìbọn tí wọ́n máa ń ná ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má dárúkọ rẹ̀, mo ti gbà. Ọmọ Yorùbá ni. Yóò pè yín ní ẹ̀gbọ́n, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò béèrè ìlú bàbá yín. Ẹ má rà á.

Dọ́là 650 ló gbà lọ́wọ́ mi. Bí ó bá gba owó tán tí ó sá lọ ni, ìbá sàn fún mi. Kò sá. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló ń gbé fóònù. Ọjọ́ 30 ló ní òun fún mi láti dá ẹrù padà bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ó wá fi ìmọ̀ràn jẹ ọjọ́ náà tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun tí mo rà nìyí: prẹ́sì onírin ńlá kan (ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí a fi ń tẹ idẹ ọta), dáì .308 (irin oníhò tí ń tẹ idẹ padà sí ìwọ̀n ìbọn .308), òṣùwọ̀n ẹ̀tù, àpò kòròfo idẹ kan (ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn), àti ìgò ẹ̀tù kan tí ó ti ṣí. Ó ní gbogbo rẹ̀ pé, kí n ṣáà gbé e sórí tábìlì. Nígbà tí mo ń ṣiyèméjì, ó fi ahọ́n kan ọwọ́ prẹ́sì náà lójú mi, ó ní kí Ògún dá òun lẹ́jọ́ bí irọ́ bá wà níbẹ̀. Kí ni kí n tún sọ? Ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Nílé wa, ẹni tó bá ti fi ahọ́n kan irin, ẹjọ́ parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè mí ní ahun. Ẹ̀yin náà rántí ọdún 2020, tí kòrónà dé, tí gbogbo ayé ń ra ìbọn, tí Remington, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta, tún lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Práímà, ohun kékeré ìdí ọta tí ń tan iná sí ẹ̀tù, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ tí a ń rà ní nǹkan bíi dọ́là 30 sí 40 tẹ́lẹ̀ kọjá dọ́là 100, èyí tí ẹ bá tilẹ̀ rí rà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹ̀rọ tí n ó fi máa ṣe tèmi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Mo tẹ idẹ díẹ̀, n kò tíì fi ẹ̀tù sí i, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá yóò wọ ìbọn. Bóòtù, irin tí a fi ń ti ẹ̀yìn ìbọn, kọ̀, kò tì. Mo pè é. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yí dáì yẹn wálẹ̀ díẹ̀ sí i, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin yípo lọ.” Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn o! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí èjìká idẹ, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún lápá òkè, kò bá rẹlẹ̀ tó, dáì ni wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀. Mo yí i. Àwọn kan wọ̀, àwọn kan kò wọ̀. Mo tún pè é, ó ní mò ń yára fa ọwọ́ prẹ́sì jù. Mo ní kó má bínú. Èmi! Èmi ni mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olè!

Lẹ́yìn náà ni idẹ kan há sínú dáì, mo fà á, ìdí rẹ̀ ya. Ó ní òróró tí mo fi pa á ló kéré. Ìyẹn náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tó mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo fi owó mi ra irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́: mo lu ihò sí ìdí idẹ náà, mo gé ìlà yíyípo sínú rẹ̀, mo yí ìṣó oníyípo wọ̀ ọ́, mo fi fà á jáde. Ìgbà tí mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú dáì ni mo rí i pé inú rẹ̀ ti ha tipẹ́, ìpẹtà ti jókòó sínú ibi tó ha. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí n fi òwú irin nù ún. Ọjọ́ ń lọ.

Ti òṣùwọ̀n ló bí mi nínú jù. Owó lè padà, ojú tó bá fọ́ kì í padà. Òṣùwọ̀n tó ní ọ̀pá gbọọrọ ni, èyí tí ọ̀pá náà ń mì lórí irin ẹlẹ́nu ọ̀bẹ. Kò dúró lójú kan. Ó ní atẹ́gùn éésì ni. Mo pa éésì nínú oṣù kẹjọ ní Houston! Àwọn ọmọ ń làágùn, ìyàwó mi ń wò mí, èmi ń tọ́jú òṣùwọ̀n ayédèrú. Ìgbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo já páálí orí ọta tuntun (apá ọta tí ń fò jáde), èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n gíréènì 168 sí lára. Mo gbé ọ̀kan lé e, ó ka 165. Mo gbé òmíràn, 165. Mo gbé òmíràn, 165! Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Bí òṣùwọ̀n bá ń kà dín, ẹ̀tù tí ẹ ó dà sínú idẹ yóò ju èyí tí ìwé pa láṣẹ lọ, ẹ̀yin yóò sì rò pé ó pé géérégé. 7000 gíréènì ló wà nínú pọ́ùn kan; ẹ wo bó ṣe kéré tó. Síbẹ̀, gíréènì ẹ̀tù mẹ́ta péré tó lé nínú ọta .308 lè gbé ènìyàn kọjá ààlà. Ó mọ̀! Ẹni tó ti ń lo òṣùwọ̀n náà kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Mo wá fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara prẹ́sì. Ìlà kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ihò tí dáì ń wọ̀. Irin ti sán. Ẹnìkan fi àtè dí i, ó fi páálí oníyanrìn dán an, ó kùn ún. Nígbàkúùgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹnu ibẹ̀ ń yà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wọ̀ tí àwọn kan kì í wọ̀. Kò sí iye ìgbà tí ènìyàn lè yí dáì tó fi máa tún irin tó sán ṣe.

Mo pè é. “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ ti kọjá.” Ó tún ní agbára mi ló fọ́ ọ. Pé ọwọ́ mi le.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ó yẹ kí n ha ọ̀dà yẹn lọ́jà. Ó yẹ kí n gbé nǹkan lé òṣùwọ̀n níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó ń fi ọ̀bẹ ha ẹrù ọlọ́jà kó tó sanwó? Ọmọ ọdẹ ni mí, ẹ má sọ mí di ọ̀dẹ̀. Ẹni tó jalè ni kí ẹ bá wí.

Ó dáa. Ẹ mú orí ọta tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dání, tàbí kí ẹ ra òkúta ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ òṣùwọ̀n wò. Ọ̀dà tó tuntun jù lára irin àtijọ́, ẹ sá fún un. Ẹ wo inú dáì. Fún àlòkù idẹ, ẹ tẹ orí píìnì ìwé, kí ẹ fi wá inú rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀: bí ó bá kọ́ nínú kòtò kan, idẹ náà ń já nìyẹn, ẹ dà á nù. Ẹ̀tù inú ìgò tó ti ṣí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ má lò ó. Mo ti da tèmi nù. Àwọn tó ń ta práímà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú, tí wọn kì í gba owó àfikún tí a ń san láti fi ẹrù eléwu ránṣẹ́, tí wọ́n ní Zelle (ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì) nìkan ni kí ẹ fi sanwó, olè ni wọ́n. Ìyókù, ẹ lo orí yín.

Ní tèmi, n kò ra àlòkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í ṣe lọ́wọ́ òyìnbó, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ wa, pàápàá ẹni tó bá fi ẹ̀gbọ́n ṣíwájú ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló mọ ara wọn. Ẹni tó ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń ka owó, mo rò pé ọ̀yàyà ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ó tún ti gbé prẹ́sì mìíràn jáde, búlúù ló kun èyí, dọ́là 700 ló ń pè é. Ó tún ní ọjọ́ 30 ni òun ń fún oníbàárà.